Linux Wo Ni Kí N Kọ́? Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Bi Ìtàn Léèrè

 

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùgbọ́ wa kan láti Òṣogbo fi voice note ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC, òun ra laptop tòkunbọ̀ kan tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, òun sì fẹ́ di sysadmin. Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, sysadmin ni ẹni tó ń bójú tó àwọn sáfà ilé iṣẹ́: ó ń rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, pé olè ò wọ inú wọn, pé dátà oníbàárà ò sọnù. Ọmọ náà wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ubuntu ni kí n kọ́ ni, àbí Debian, àbí ti Red Hat? Owó tí mo fi pamọ́ fún ìdánwò ìwé ẹ̀rí ò pọ̀. Tí mo bá ná an síbi tí kò yẹ, mi ò mọ ìgbà tí mo tún máa rí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣìnà."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ voice note yẹn. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ló mú mi lọ́kàn, torí pé èmi náà ti yan ọ̀kan rí, mo sì ti fi ẹnu ara mi ṣe onídùúró fún un.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Sáfà mẹ́sàn-án la ní, gbogbo wọn ló sì ti gbó. Ọ̀gá mi bi mí pé operating system wo ni ká gbé sórí àwọn tuntun. Mo ní, "CentOS 8 ni, ọ̀gá. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì máa tún un ṣe títí di 2029." Ọ̀gá wò mí. Wọ́n ní, "Ta ló ṣèlérí bẹ́ẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo rò pé ìbéèrè ẹni tí kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ni.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2020 yẹn gan-an, ìkéde jáde pé CentOS Linux 8 yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ó lé ní ọdún méje tó já bọ́ nínú ohun tí mo sọ fún ọ̀gá mi. Orí àga mi ni mo wà tí mo ń ka ìkéde náà, ìbéèrè ọ̀gá sì ń dún létí mi. Ta ló ṣèlérí? Mi ò mọ̀. Mo mọ gbogbo àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ lórí terminal, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tó di ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé mú.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká jọ rin ìrìn àjò díẹ̀ lónìí kí n tó dá àbúrò wa lóhùn. A máa lọ sí Amẹ́ríkà, a máa dé Finland, a máa gba South Africa padà sílé. Níbi gbogbo tí a bá dúró, ìbéèrè ọ̀gá mi la máa bi wọ́n.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1969. Ní Bell Labs, ilé ìwádìí AT&T tó jẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin méjì kan, Ken Thompson àti Dennis Ritchie, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ operating system kan tí wọ́n wá pè ní Unix. Ní 1973, wọ́n tún un kọ ní èdè C, èyí tó mú kó rọrùn láti gbé e láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Púpọ̀ nínú ohun tí sysadmin ń ṣe lónìí, ibẹ̀ ló ti wá: bí fáìlì ṣe ń jókòó sínú ara wọn láti orí àmì "/" kan ṣoṣo, bí a ṣe ń sọ ẹni tó lè ka fáìlì àti ẹni tó lè kọ ọ́, bí a ṣe ń so irinṣẹ́ kéékèèké pọ̀ láti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ta ló ni Unix? AT&T ni. Àmọ́ àdéhùn kan wà láàárín AT&T àti ìjọba Amẹ́ríkà láti 1956 tí kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà máa ta ohun tí kì í ṣe ti tẹlifóònù. Nítorí náà, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn yunifásítì, wọ́n á sì fún wọn ní Unix pẹ̀lú kóòdù rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ka kóòdù náà, wọ́n ń tún un ṣe. Ní yunifásítì California tó wà ní Berkeley, wọ́n tún un ṣe débi pé ó di ẹ̀yà tirẹ̀, BSD.

Ní 1984, wọ́n pín AT&T sí wẹ́wẹ́, ìdè yẹn sì tú. Unix di ọjà gidi, owó rẹ̀ gbówó lórí. Nígbà tó di 1992, apá AT&T tó ni Unix gbé ilé iṣẹ́ kan tó ń ta BSD lọ sílé ẹjọ́, ó sì kan Berkeley náà. Ọdún 1994 ni wọ́n tó yanjú ẹjọ́ náà. BSD ò ní àbùkù kankan nínú ara. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ọdún méjì, ẹni tó bá fẹ́ lò ó kò mọ̀ bóyá agbẹjọ́rò máa kan ilẹ̀kùn òun lọ́la. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ohun tó dára gan-an lè dúró sójú kan nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín kò tíì yanjú.

Ẹ jẹ́ ká sún padà díẹ̀. Ní MIT, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Richard Stallman. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà níbi iṣẹ́ wọn tó máa ń há. Stallman ti kọ́ kóòdù kan sí i pé tó bá ti há, kó máa sọ fún àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ wọn. Nígbà tó yá, Xerox fún wọn ní ẹ̀rọ tuntun, òun náà ń há, ṣùgbọ́n kóòdù rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn. Stallman lọ bá ẹnì kan ní yunifásítì mìíràn tó ní kóòdù náà. Ẹni yẹn kọ̀, ó ní òun ti ṣèlérí pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Stallman. Ó mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, ó mọ bí òun ṣe lè tún un ṣe, àmọ́ wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1983, Stallman kéde iṣẹ́ GNU: operating system tó máa dà bí Unix, tí gbogbo ènìyàn lè lò, kà, tún ṣe, kí wọ́n sì pín fún ẹlòmíràn. Ohun tó lágbára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, lójú mi, ni ìwé àṣẹ GPL tó jáde ní 1989. Ohun tó ń sọ ni pé: mo fún ọ láyè láti ṣe ohun tí o fẹ́, ṣùgbọ́n tí o bá pín in fún ẹlòmíràn, ìwọ náà gbọ́dọ̀ fún un ní irú àyè tí mo fún ọ, pẹ̀lú kóòdù. Ohun tí a ń pè ní open source lónìí, nínú irú èrò yìí ló ti dàgbà.

GNU ní irinṣẹ́ púpọ̀, àmọ́ kernel rẹ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnì inú rẹ̀, kò tíì délẹ̀. Ní Helsinki, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan tó ń jẹ́ Linus Torvalds ń kọ ẹ́ńjìnì tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà 386 rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1991, ó kéde rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní eré ọwọ́ lásán ni, pé kò ní tóbi bíi GNU. Ìwé àṣẹ tó kọ́kọ́ lò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Linux pa owó. Ní 1992, ó yí i padà sí GPL. Ìpinnu kékeré yẹn ló ṣílẹ̀kùn: àwọn tó fẹ́ ṣe é tọ̀fẹ́tọ̀fẹ́ ráyè, àwọn tó fẹ́ fi ṣòwò náà ráyè, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e sápò lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lónìí, láti 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù lórí àkójọ TOP500 ló ń lo Linux. Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ rẹ tí o fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ́ńjìnì Linux ló wà nínú òun náà.

Àmọ́ ẹ́ńjìnì nìkan ò ṣe é wọ̀ dé Òṣòdì. Ó gbọ́dọ̀ ní ara, àga, táyà, bíréèkì. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odindi ọkọ̀, òun ló ṣe distro. Ọdún 1993 ni ọ̀nà pín sí méjì níbẹ̀, ìpín yẹn ló sì wà nínú ìbéèrè àbúrò wa títí di òní.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Ian Murdock, kéde Debian. Ó mú orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Debra, ó fi Ian lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló ni Debian? Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ni ín. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn káàkiri àgbáyé ló ń ṣe é. Wọ́n ní ìwé òfin, wọ́n sì ń dìbò yan olórí lọ́dọọdún. Murdock fi ipò olórí sílẹ̀ ní 1996, ó kú ní 2015, Debian sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Ọdún 1993 yẹn náà ni ilé iṣẹ́ tó di Red Hat bẹ̀rẹ̀. Bob Young mọ ọjà tà, Marc Ewing mọ kóòdù kọ, wọ́n sì pa pọ̀ ní 1995. Ohun tí wọ́n ń tà ni ìfọ̀kànbalẹ̀: tí sáfà rẹ bá wó ní òru, ẹnì kan wà tí o lè pè. Láti 2002 ni wọ́n ti gbájú mọ́ Red Hat Enterprise Linux, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń sanwó fún. Ta ló ni Red Hat? Àwọn onípìn-ín ni tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Keje 2019, IBM parí rírà rẹ̀ ní bílíọ̀nù 34 dọ́là.

Níbo wá ni CentOS ti wọlé? Nítorí pé kóòdù Red Hat wà ní gbangba, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ní 2004 sí í kó kóòdù náà, wọ́n ń yọ orúkọ àti àmì Red Hat kúrò, wọ́n sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ń sanwó fún, tálákà náà ń rí i lò. Ní 2014, CentOS wọ abẹ́ òrùlé Red Hat fúnra rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn nígbà náà, a ní nǹkan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. A ò rántí pé ẹni tó bá gbà ọ́ sílé ló ń pinnu ìgbà tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Red Hat kò rú òfin kankan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbájú mọ́ CentOS Stream, èyí tó máa ń ṣáájú Enterprise Linux díẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Èmi ni mi ò béèrè.

Kí n tó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní South Africa. Mark Shuttleworth ta ilé iṣẹ́ rẹ̀, Thawte, ní 1999, ó di olówó rẹpẹtẹ, ó lọ sí òfuurufú ní 2002, ó padà wálé, ó ní òun fẹ́ ṣe Linux tí kò ní le fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e ka orí Debian. Ní oṣù Kẹwàá 2004, Ubuntu jáde. Orúkọ náà wá láti inú èdè àwọn Zulu àti Xhosa: ènìyàn ń jẹ́ ènìyàn nípasẹ̀ ènìyàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ní tiwa, èèyàn laṣọ mi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2011, tí o bá kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ ránṣẹ́, wọ́n á fi CD Ubuntu ránṣẹ́ sí ọ láìgba kọ́bọ̀. Ní 2008, mo lọ gba tèmi ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn. Dátà wọ́n nígbà náà, kò sí bí mo ṣe lè gba 700MB ní cyber café. CD yẹn ló sọ mí di ohun tí mo dà. Ta ló ni Ubuntu? Canonical, ilé iṣẹ́ Shuttleworth ni. Ṣùgbọ́n Debian ni gbòǹgbò rẹ̀. Tí Canonical bá yí ọkàn padà lọ́la, ẹni tó mọ Ubuntu dáadáa lè sùn sọ́dọ̀ Debian láìjẹ́ àlejò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìkẹjà. Ọjọ́ kejì ìkéde yẹn, mo lọ bá ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, mo ti ṣe àṣìṣe." Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Nísinsìnyí, ṣé o ti mọ ẹni tó ṣèlérí?" Mo ní mo ti mọ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Lọ wá èyí tí a mọ bàbá àti ìyá rẹ̀."

Àánú tó ṣe wá ni pé GPL ṣì wà níbẹ̀. Gregory Kurtzer, ọ̀kan nínú àwọn tó dá CentOS sílẹ̀, kéde Rocky Linux. Ó fi sọrí Rocky McGaugh, ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ CentOS, tó ti dolóògbé. Ilé iṣẹ́ CloudLinux bẹ̀rẹ̀ AlmaLinux, wọ́n sì dá àjọ kan tí kì í ṣe fún èrè sílẹ̀ láti máa dì í mú. AlmaLinux jáde ní oṣù Kẹta 2021, Rocky tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un.

A gbé sáfà wa lọ sórí AlmaLinux, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí n tó fọwọ́ kan èyíkéyìí, mo á kọ́kọ́ ṣe backup, mo á dá backup náà padà sórí ẹ̀rọ mìíràn láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Kò sí dátà kan tó sọnù. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé ìmọ̀ tí mo ní kò bá CentOS kú. Àṣẹ kan náà, fáìlì kan náà, log ní ibi kan náà. Orúkọ ló kú, ìdílé wà láàyè.

Ó dáa, àbúrò mi ní Òṣogbo, ìdáhùn mi rè é.

Ìdílé méjì ni kí o mọ̀, má ṣe gbọ́ orúkọ ogún. Ìdílé Debian, tí Ubuntu wà nínú rẹ̀, ń fi apt gbé sọ́fítíwíà wọlé. Ìdílé Red Hat, tí Fedora, AlmaLinux àti Rocky wà nínú rẹ̀, ń lo dnf. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ò pọ̀ tó ibi tí wọ́n ti jọra.

Gbé Debian tàbí Ubuntu sórí laptop rẹ, kí o sì máa lò ó lójoojúmọ́. 4GB rẹ yẹn tó fún Debian. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, fi AlmaLinux tàbí Rocky tí kò ní desktop sínú virtual machine kékeré kan, kí o tún ṣe gbogbo ohun tí o ti mọ̀ ṣe níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí iná ò bá sí, app kan tó ń jẹ́ Termux wà fún Android. Kì í ṣe sáfà, ṣùgbọ́n o lè fi kọ́ àṣẹ nínú danfo.

Ní ti owó ìdánwò, má tíì san án. Kọ́kọ́ ka ìpolówó iṣẹ́ ogún ní ìlú tí o fẹ́ ti ṣiṣẹ́, kí o kọ ohun tí wọ́n ń béèrè sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Red Hat ló pọ̀ jù níbẹ̀, RHCSA ni kí o fojú sí: ìdánwò kan ṣoṣo ni, orí terminal lo sì ti máa fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é, kò sí pé ò ń yan A tàbí B. Tí ohun tí wọ́n ń béèrè bá pín sí méjì, LPIC-1 kan ìdílé méjèèjì, àmọ́ ìdánwò méjì ló ní, torí náà, o lè san owó rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ tí ọ̀gá tìrẹ bá bi ọ́ pé kí ni ká gbé sórí sáfà, kí o tó dáhùn, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló ni ín? Ta ló ń sanwó fún àwọn tó ń tún un ṣe? Tí onítọ̀hún bá yí ọkàn padà, níbo la máa sá lọ? Tí o bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí o bá mú, kò ní jẹ́ àṣìmú.

Ọ̀gá mi yẹn ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nígbà tí mo pè wọ́n láti sọ pé mo fẹ́ sọ ìtàn yìí lórí ètò wa, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, kí n kàn sọ pé ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà ló béèrè.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kí ni ẹ̀ ń lò níbi iṣẹ́ yín, ta ló sì ni ín? Ẹ fi voice note ránṣẹ́. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tó pàdé. Kí iná má ṣẹ́jú mọ́ yín lójú lẹ́nu iṣẹ́ o. Ire o.